Jẹ́sì Nọ́ńbà Mẹ́ta

Kí n tó rọ́ àlá tó gbé mi lóru àná fún yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Ṣíjúwadé fi ojú mi rí nígbà èwe wa, torí èmi kì í gbàgbé. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń dí ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa. Lọ́jọ́ tí a gbá àṣekágbá, jẹ́sì rẹ̀ ya pátápátá. Nígbà ìsinmi, ó ní kí n yá òun ní tèmi, nọ́ńbà mẹ́ta. Mo bọ́ ọ fún un, mo wọ àkísà rẹ̀. Òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ ti bo ojú gbogbo wa. Kò pẹ́ tí a padà sórí pápá ni Ṣíjúwadé fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa. Ẹni tó ń kéde wo ẹ̀yìn jẹ́sì, ó ní nọ́ńbà mẹ́ta ni. Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Agbásílé nìyẹn.

Ṣíjúwadé dákẹ́, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá. Èmi fẹ́ àbúrò rẹ̀, Morẹ́nikẹ́, tó wà létí pápá lọ́jọ́ náà. Bí mo bá bi í pé kí ló rí, á ní òjò dí òun lójú. Ọdọọdún ni mo sì ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

Nínú àlá náà, Ṣíjúwadé ń kọ́ àwọn adẹ́yìn rẹ̀ níṣẹ́. Kò sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ìka ni wọ́n ń nà.

"Bí góòlù bá ti wọlé," ó wí, "ẹ tètè nàka sí ẹni ẹ̀gbẹ́ yín."

Aṣọ́lé ò rí ẹni kankan, ó nàka sí igi góòlù. Igi ní, "Èmi tí mi ò kúrò lójú kan láti àárọ̀?" Mo rí i pé òótọ́ ló sọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ṣíjúwadé, àna mi náà ni lójú àlá, mo wá fà á lọ sí ọ́fíìsì bọ́ọ̀lù. Ọ́fíìsì ọ̀hún ń léfòó lókè pápá. Àwọ̀n góòlù la gùn débẹ̀.

"Ìwé mẹ́fà rẹ dà?" alága bi mí.

"Ìwé mẹ́rin ni mo kà, sà."

"Ìwé mẹ́rin ò lè pe akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́jọ́. Lọ ka méjì tó kù."

Ibi tí mo ti ń wá síléètì ni alága ti hu ìwo, ó di òbúkọ tòun ti táì lọ́rùn. Mo kí i pé ó kú ìjókòó. Jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lára ògiri wúkọ́, ó ní, "Òógùn Ṣíjúwadé ló wà lára mi. Ẹ gbóòórùn mi." Alága gbóòórùn rẹ̀, ó sì jù ú sẹ́nu.

"Ẹ̀rí mi nìyẹn, sà."

"Ìgbìmọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò," ó wí, ó ń jẹ ẹ́ lọ.

"Àna mi, ẹ jẹ́wọ́ kó tó jẹ ẹ́ tán."

Ṣíjúwadé la ẹnu, fèrè rẹfirí ló dún níbẹ̀. Ọ́fíìsì já bọ́.

Mo jí, ilẹ̀ ti mọ́. Níta, ewúrẹ́ Ìyá Gàní, aládùúgbò wa, ń jẹ jẹ́sì mi àtijọ́ lórí okùn, Morẹ́nikẹ́ ń fa apá kejì. Ìyá Gàní ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Jẹ́wọ́, jẹ́wọ́, lójú oorun láti ìdájí," ìyàwó mi wí. "Ṣé ẹ ò ní sinmi ni?"

"Kí lo rí lọ́jọ́ náà?"

Ó fa aṣọ náà yọ lẹ́nu ewúrẹ́, ó tẹjú mọ́ ìdajì nọ́ńbà tó kù.

"Bùrọ̀dá mi ló wọ̀ ọ́," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Àwọn ló fi orí kàn án sílé. Mo rí wọn."

"Sọ ọ́ sókè kí Ìyá Gàní gbọ́."

Ó sì tún un sọ, sókè.