Igi Páìnì Iwájú Ilé Grant

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Darko, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ló ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Noelene Pascoe ò mira. Ó gbé àga rẹ̀ ti ìdí igi páìnì, ó ń mu tíì, ó ki ẹsẹ̀ bọ iyanrìn. Col, ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, ló gbin igi náà lọ́dún tí wọ́n bí ọmọbìnrin wọn.

Igi ọ̀hún ti kú. Gbogbo wa ní Kirrabin, ìlú etí òkun wa, la mọ̀ pé ẹnì kan ló lu ihò sí i nídìí, tó rọ májèlé sí i. Kò sẹ́ni tó ká a mọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n igi yìí nìkan ló dí òkun mọ́ Grant Ashdown, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn igi náà, lójú, kí ewé sì tó rọ tán, ọ̀gbẹ́ni ti ra àga tuntun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé rẹ̀, ó kọjú wọn sí òkun. Wọ́n ń pè é lólè, ó tún ń gbé ọmọ ẹran jó.

Òun náà ló sọ̀ kalẹ̀ wá yìí. "Noelene, ó dun èmi náà o. Àmọ́ ẹ̀ka lè já lu ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e."

"Ó dùn ọ́, àbí? O ṣeun." Noelene yíjú sí Darko. "Òótọ́ ló sọ. Gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Igi gan-an ńkọ́, ṣé ó lè wó?"

"Kò lè wó báyìí, Màmá."

"Fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ṣebí ẹ máa ń gbé pátákó gàgàrà síwájú ilé àwọn apagi, àwọn tó ń fi májèlé pa igi, kí wọ́n má baà rí òkun?"

"Pátákó ti tán lọ́dọ̀ wa. Apagi ti pọ̀ jù lọ́dún yìí."

Noelene bá dìde. Ó ké sí Beryl àtàwọn àgbà yòókù tí wọ́n jọ ń lúwẹ̀ẹ́ láràárọ̀. Wọ́n lọ gbé ìgbòkun ọkọ̀ Col wá, pupa fòò, ó fẹ̀ ju ilé ẹlòmíì lọ.

Nígbà tí Darko gé ẹ̀ka tán, ó wo ìgbòkun, ó wo Grant. "Àsìkò ìsinmi mi ti tó," ló wí. "Ohun tí mo bá fi àkàbà ṣe nísinmi, kò kan ọ̀gá mi." Ó gba okùn, ó gun àkàbà lọ sókè, ó ta ìgbòkun náà mọ́ igi.

Ojú Grant le. "Ìgbà wo lẹ máa yọ ìranù yìí?"

Noelene fa agolo kan yọ lábẹ́ àga rẹ̀. Ọmọ igi páìnì wà nínú rẹ̀, kò ga ju ọwọ́ lọ. "Tí èyí bá ti ga tó ìyẹn."

"Ìyẹn á gba ọgbọ̀n ọdún! Ẹ ò tiẹ̀ ní sí láyé mọ́."

"Mo mọ̀." Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wa iyanrìn. "Ìwọ ni mo ń gbìn ín fún."