Ohun Tó Há Sínú Fáànù Ọkọ̀ Olùdarí

"Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí?"

Àjíṣafẹ́, olùdarí ilé iṣẹ́ náà, ti ilẹ̀kùn Pijó funfun rẹ̀ gbàà, òógùn ń ṣàn láti orí rẹ̀ wọ ọrùn ẹ̀wù. Ó ti ká gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wálẹ̀ bí ọkọ̀ akérò Godomey, inú sì ń bí i pé gbogbo àdúgbò Ganhi ní Kútọnu ti rí i bẹ́ẹ̀. Mùíbì, tó ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní gáréèjì ilé iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rìnlá, jáde lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà.

"Ẹ kú àárọ̀, kamaráàdì olùdarí. Kí ló ṣe é?"

"Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù ti kú. Láti ọjọ́ Ajé ni inú ọkọ̀ ti ń rùn bí òkú ẹran. Láàárọ̀ yìí, ó kùn lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìwọ lo sì fọwọ́ kàn án kẹ́yìn."

"Oṣù kẹta rèé. Bátìrì ni mo pààrọ̀."

"Ẹni tó ń ba nǹkan ìjọba jẹ́ kì í jẹ́wọ́. Sàbòtáàsì nìyí. Àbí ẹ̀yin ará Ṣakété ti gbé oògùn yín sínú ọkọ̀ mi?"

Oṣù karùn-ún ọdún 1977 ni. Ní oṣù kìíní ni bàálù kan ti kó àwọn ajagun-gbowó wá sí pápá Kútọnu ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n jà, wọ́n sá lọ, wọ́n fi ìfura sílẹ̀ fún wa. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó ń dédé bàjẹ́ mọ́ ní ọ́fíìsì kankan. Bí gílóòbù bá jó, ọ̀tá ló jó o. Bí bébà bá há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ òyìnbó. Gbogbo èèyàn ti di kamaráàdì, Àjíṣafẹ́, ọmọ Pobè tí kò tíì pé ogójì ọdún, sì lè máa sọ "ìwọ" sí bàbá bíi Mùíbì tó ti lé ní àádọ́ta. Àmọ́ nínú gbogbo kamaráàdì wọ̀nyí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jókòó sínú atẹ́gùn tútù.

"Gbọ́ mi dáadáa," Àjíṣafẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Aago mẹ́ta ni ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́ lórí olè yẹn, Oyèníkẹ́. Ọ̀gá ológun kan ń bọ̀ láti ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, èmi ni mo sì máa lọ gbé e wá. Mi ò ní gbé e sínú ooru. Tún fáànù ṣe kí aago méjì ààbọ̀ tó lù, kí o sì wá orúkọ ẹni tó bà á jẹ́ fún mi. Tí o kò bá rí orúkọ, ìwọ àti obìnrin yẹn lẹ jọ máa wọ ọkọ̀ sọ́jà lónìí."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìwé ọkọ̀ ná."

Òfin gáréèjì ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ọkọ̀ láìkọ ohun tó ṣe é, ẹni tó ń wà á àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí i. Àjíṣafẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé òfin náà kalẹ̀ lẹ́yìn oṣù kìíní, kí ó lè máa rí ọ̀tá mú.

"Ta ló ń wà á?"

"Èmi nìkan. Láti ìgbà tí mo ti lé Ràṣídì dírẹ́bà lọ lóṣù kejì, kò sẹ́ni tó tún jókòó sídìí rẹ̀. Èmi ni mò ń wà á, èmi ni mò ń gbá inú rẹ̀. Ẹni tó gba ìyípadà gbọ́ kì í lo ọmọ ọ̀dọ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Kì í kúrò lápò mi. Kọ ọ́."

Mùíbì kọ ọ́. Àjíṣafẹ́ fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí náà gba ìdajì ojú ìwé. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kúrò lórí okùn rẹ̀, ó jù ú sórí tábìlì, ó jáde.

Mùíbì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù. Ó ṣí àpótí fúùsì, ó rí i pé ti fáànù ti jóná. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Bóyá fúùsì lásán ni gbogbo ariwo yìí.

Àmọ́ inú ilé ẹrù ni fúùsì wà, Oyèníkẹ́ nìkan ló sì mọ ibi tí ohunkóhun wà níbẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣọ́ ilé ẹrù kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Àpò irúgbìn àgbàdo mẹ́ta ló pòórá, irúgbìn tí ìjọba fún wọn fún oko àjùmọ̀ro ní Godomey, níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń kọ ebè ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pò ó, ó pupa bí osùn. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà, ẹni tó bá sì sè é jẹ, ó di ilé ìwòsàn.

Obìnrin náà jókòó sábẹ́ igi fúrùtù nínú ọgbà, báàgì aṣọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti di ẹrù ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì kò fẹ́ràn ara wọn tẹ́lẹ̀. Oyèníkẹ́ kì í fúnni ní nǹkan tuntun láìgba èyí tó bàjẹ́. Ìbáà jẹ́ bóòtù kan ṣoṣo, á ní kí Mùíbì lọ wá ògbólógbòó rẹ̀ wá. Nítorí ìwà ahun rẹ̀ yìí, bí Mùíbì ti ń pè é, wọn kì í kí ara wọn ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ.

"Oyèníkẹ́, níbo ni fúùsì ọkọ̀ kékeré wà?"

Kò wò ó. "Bàbá Kúbúrá, ọwọ́ tí ẹ nà sókè lọ́jọ́rú pé mo jalè, ẹ fi wá a."

"Gbogbo èèyàn ló nawọ́."

"Mo rí gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ṣé èmi ni mo ní kí àpò mẹ́ta pòórá lọ́wọ́ rẹ ni?"

"Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń ṣí ilé ẹrù, ọ̀kan wà lọ́wọ́ olùdarí. Mo sọ ọ́ nípàdé. Kí lẹ ṣe? Ẹ bá wọn pariwo olè lé mi lórí. Ẹnu yín ni mò ń wò o, Bàbá Kúbúrá. Ẹ lanu ju gbogbo wọn lọ. Ẹ máa lọ, ẹ jẹ́ kí n jókòó."

Ojú ti Mùíbì, ìtìjú náà sì di ìbínú, torí ìbínú rọrùn-ún gbé ju ìtìjú lọ. Ó rojú padà sí gáréèjì.

Ó yọ fúùsì kan lára ọkọ̀ akẹ́rù, ó fi sí i, ó yí bọ́tìnnì. Fúùsì náà jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á tún fi òmíràn sí i, á máa jó fúùsì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mùíbì kó méjèèjì tó jóná sápò, ó ronú. Ó yọ wáyà kúrò lẹ́nu fáànù kó tó fi fúùsì kẹta sí i, ó fi gílóòbù kékeré kan dán wáyà náà wò. Gílóòbù tàn, fúùsì kò jó. Iná ń dé, wáyà kò já, bọ́tìnnì kò ṣe nǹkan kan. Fáànù gan-an ló lẹ́jọ́. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ gíláàsì iwájú, ó fi ìka ti ewé fáànù. Kò yí. Nǹkan kan há sí i.

Ó tú bóòtù mẹ́rin. Bó ti gbé ìdérí kúrò, òórùn náà gbá a lójú, ó ní láti yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òkú èkúté kan ló há sáàárín ewé fáànù, ẹnu rẹ̀ pupa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìtẹ́ kan wà, fọ́nrán àpò ló fi kọ́ ọ. Mùíbì fi irin tú ìtẹ́ náà. Hóró àgbàdo ló dà sílẹ̀, ó tó ìkúnwọ́ kan, gbogbo rẹ̀ pupa bí osùn.

Ó jókòó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé fún un. Olùdarí fi ọkọ̀ kó àpò, ọ̀kan ya lẹ́yìn, èkúté ilé olùdarí rí oúnjẹ ọ̀fẹ́, ó kó o lọ síbi tó ṣókùnkùn, ó jẹ ẹ́, oògùn pa á, fáànù sì wá fa òkú rẹ̀ wọ àárín ewé láàárọ̀ yìí. Àjíṣafẹ́ gbá inú ọkọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀ kò dé ibi tí èkúté ń dé.

Ẹ̀rù ba Mùíbì gan-an. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo, ó gbé e dé ẹnu ààtàn. Bó bá dà á nù, á ní èkúté lásán ni, bóyá olùdarí á gbà, bóyá kò ní gbà. Bó bá sọ ọ́ jáde, tí ológun kò sì gbà á gbọ́, wọ́n á ní òun ló kó irúgbìn síbẹ̀. Ta ni yóò san owó ilé ìwé Kúbúrá? Láti ẹnu ààtàn, ó ń rí Oyèníkẹ́ lábẹ́ igi, tó ń ṣẹ́ etí aṣọ kan, tó tún un ṣẹ́, tó dá a padà sínú báàgì. Obìnrin tí kò lè fún èèyàn ní bóòtù kan láìgba ògbólógbòó, òun ni wọ́n ní ó jí odidi àpò mẹ́ta. Òun Mùíbì sì nawọ́ sí i. Ó bú ara rẹ̀, ó gbé agolo padà.

Ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, Àjíṣafẹ́ dé. Fáànù ń fẹ́ yẹ́ẹ́.

"Ta ni?" ló fi kí i.

Mùíbì rẹ ohùn sílẹ̀. "Kamaráàdì, mo rí ohun tó há sí i. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láàárín ara wa. Ó máa dára fún yín bẹ́ẹ̀."

"Fún mi? O fẹ́ bá mi dúnàá-dúrà nítorí ọ̀tá ìyípadà?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́. "Ojú gbogbo èèyàn ni wàá ti sọ ọ́! Tí o bá fi ẹyọ kan pamọ́, wàá rí mi."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mùíbì kò tún bẹ̀ ẹ́.

"Ó dáa, kamaráàdì."

Ní aago mẹ́ta, gbọ̀ngàn kún. Àjíṣafẹ́ na ọwọ́ dídì sókè, ó ké igbe ìyípadà lédè Fọ̀n pé, "Ẹ̀húzú!" Gbogbo wọn dáhùn pé, "Dandan!" Ọ̀gá ológun náà, ọmọ Ṣábẹ̀ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oyèníkẹ́ dúró níwájú, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí a tó dé orí olè," Àjíṣafẹ́ ní, "sàbòtáàsì kan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí nínú ọkọ̀ tó gbé ọ̀gá wá. Mùíbì, bọ́ síwájú. Ta ló ba fáànù jẹ́?"

Mùíbì gbé agolo sórí tábìlì, ó fa ìwé ọkọ̀ yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí akọ̀wé kọ́kọ́ ka ìwé yìí."

Akọ̀wé kà á: olùdarí nìkan ló ń wa ọkọ̀, òun ló ń gbá inú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lápò rẹ̀. Àjíṣafẹ́ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni Mùíbì dorí agolo kodò. Èkúté bọ́ sórí tábìlì, hóró pupa tú ká, ọ̀kan yí títí ó fi dé iwájú ológun.

Àjíṣafẹ́ fò dìde: "Irọ́ ni! Òun ló kó o síbẹ̀, òun àti—"

"Jókòó," ológun wí. Ó mú hóró náà, ó fi èékánná ha á. "Irúgbìn wo nìyí?"

"Ti ilé ẹrù ni," Oyèníkẹ́ dáhùn. "Èyí tí wọ́n ní mo jí."

Ológun yíjú sí Mùíbì. "Ìwọ. Orúkọ rẹ wà lára àwọn tó nawọ́ lọ́jọ́rú pé obìnrin yìí jalè. Kí lo rí lọ́jọ́ náà tí o fi nawọ́?"

Mùíbì wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọ̀rá ọkọ̀ ṣì wà ní èékánná. "Mi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ológun kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ní kí Àjíṣafẹ́ kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù sórí tábìlì. Méjèèjì wà lórí okùn kan náà. Àjíṣafẹ́ kó wọn sílẹ̀, ológun sì ní kí ó ṣíwájú òun bọ́ síta. Wọn kò rántí láti kígbe "Ẹ̀húzú" kí ìpàdé tó tú.

Lẹ́nu ọ̀nà, Mùíbì dúró de Oyèníkẹ́. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì. Obìnrin náà ti kọjá lára rẹ̀ kó tó dúró, ojú rẹ̀ kò sì rọ̀ rárá.

"Àpótí kẹta lápá òsì ni fúùsì wà," ó ní. "Ẹ mú èyí tó jóná dání o, tàbí kí ẹ má wá."

Mùíbì kó fúùsì méjèèjì jáde nínú àpò, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síwájú obìnrin náà.