Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Ọdún kejìlélógún rèé tí Mọ́mì Onígíláàsì ti ń jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ gbàǹjo. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kó wo fọ́tò olókìkí tí wọ́n fọwọ́ sí, kó sọ bóyá olókìkí náà ló fọwọ́ sí i lóòótọ́ tàbí ẹnì kan ló jí ọwọ́ rẹ̀ kọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí awò ńlá tó máa ń gbé sójú, bí ẹni tó ń yọjú wo inú kànga. Tábìlì kan ló wà ní yàrá náà, iná kan, àga kan. Kò sí àga àlejò, torí àlejò kì í wá. Fọ́tò ní í wá nínú àpò ìwé, ìdájọ́ a sì padà nínú àpò ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé. Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti pe ọkọ rẹ̀, abọ́ kan ló ń fọ̀, òun nìkan ló sì ń dá ohùn kìíní àti ohùn kejì orin ìrọ̀lẹ́ kọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà yọjú.

"Mọ́mì, bàbá kan wà níbí. Ó ní ẹ ti pa òun."

"Mo pa ta ni?"

"Ó ní òǹtẹ̀ lẹ fi pa òun."

Bàbá náà ga débi pé ó tẹrí ba kó tó lè wọlé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọ̀tún mú, bí ìgbà tí èèyàn bá di ọmọdé mú létí títì. Mọ́mì dìde, ó fi àga tirẹ̀ lọ̀ ọ́. Bàbá fa fọ́tò kan yọ: gólì kan tó ń ṣọ́ ilé fò sínú afẹ́fẹ́, ó nà gbọọrọ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, bọ́ọ̀lù sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn Irin ni wọ́n ń pè é láyé ìgbà náà. Ìfọwọ́sí kan wà nísàlẹ̀ fọ́tò náà. Lẹ́yìn fọ́tò, òǹtẹ̀ pupa Mọ́mì wà níbẹ̀: KÌ Í ṢE OJÚLÓWÓ.

Mọ́mì rántí. Oṣù tó kọjá ló dá ẹjọ́ yẹn, kò sì gbà á tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ńṣe ni ilà rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó bá ń kọ orúkọ ara rẹ̀ kì í rò ó, bí ẹni tó ń rìn lọ sílé ni. Ẹni tó ń jí tẹlòmíràn kọ ló ń fi ẹ̀sọ̀ yà á, tí ẹ̀rù á sì mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nídìí iṣẹ́ nìyẹn.

"Bàbá, ta ló fún yín ní fọ́tò yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo wà nínú rẹ̀, èmi náà ni mo fọwọ́ sí i. Màdáàmù, bí ẹ bá ní èmi kì í ṣe èmi, ṣòkòtò ta ni mo wá wọ̀ jáde láàárọ̀ yìí?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mọ́mì, ṣùgbọ́n ojú bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Ó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí àrùn ẹ̀gbà ti kọ lù ú. Ìyàwó ti lọ, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni obìnrin aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé. Bó bá ti parí iṣẹ́, á gun àtẹ̀gùn lọ bá a, á ní, "Ó yá, Bàbá, bọ́ọ̀lù wo lẹ mú lónìí?" Bàbá á sì sọ ìtàn bọ́ọ̀lù kan tó mú láyé ọjọ́un. Nígbà tí kò rí ohun mìíràn tó lè fún un, ó fọwọ́ sí fọ́tò kan ṣoṣo tó kù sí i lọ́wọ́, ó fi ta á lọ́rẹ. Àbúrò ọkọ aránṣọ ló fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹni tí ò lè di ṣíbí mú, òun ló di bọ́ọ̀lù mú?" Òun ló gbé fọ́tò wá sí gbàǹjo, kí aránṣọ lè rí òótọ́.

"Abẹ́ ilẹ̀kùn ni aránṣọ ti ti fọ́tò padà sí mi," ni bàbá wí. "Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀ bá ti sọ fún mi pé ẹ kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ǹ bá ṣì máa wá.' Ọjọ́ kọkànlélógún rèé. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo tiẹ̀ mọ ìgbà tí òwú bá já."

Mọ́mì na bíírò àti ìwé sí i. "Ẹ fọwọ́ síbí."

Bàbá gbé bíírò lé ìwé, kò sì kọ nǹkan kan. Ó dúró, bí gólì tó ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá pẹnárítì. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ fò, tòun ti gbígbọ̀n, ó wọ́ dé òpin.

Mọ́mì gbé awò sójú. Ní ibi tí bíírò ti dúró, tàdáwà ti kó jọ, ó di àmì róbótó kékeré kan. Ó ṣí fáìlì tí wọ́n kó àwọn ojúlówó ìfọwọ́sí Ilẹ̀kùn Irin sí. Mọ́kànlá ni wọ́n, kò sì sí ọ̀kan tí kò ní àmì yẹn. Ó wo fọ́tò. Àmì náà wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ máa ń dúró kẹ́ ẹ tó kọ?"

"Dúró kẹ̀? Mo dúró ni?"

Isaaki arúgbó fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lára, ó sì ṣì í mú. Ṣùgbọ́n ojú Isaaki ti fọ́. Ojú tèmi là, ni Mọ́mì ń rò, mo sì tún fi awò kún un. Wọ́n ní kí n fẹ́ ni lójú, mo fi ata sẹ́nu.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Ẹ̀yin ni."

"Mo mọ̀," ni bàbá dáhùn jẹ́ẹ́. "Aránṣọ ni kẹ́ ẹ sọ fún."

Mọ́mì kò yí ìdájọ́ padà rí. Ó fa ilà gba àárín òǹtẹ̀ pupa, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òun ló ṣe àṣìṣe. Ó ti fẹ́ ki fọ́tò náà bọ àpò ìwé, ló bá dúró. Ìwé ló ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ó mú báàgì rẹ̀.

Ọ̀sán ni òun àti bàbá dé ilé bàbá. Bàbá ń gun àtẹ̀gùn lọ díẹ̀díẹ̀. Mọ́mì yà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàsán o, Mà. Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán?"

"Rárá. Èmi ni mo ní fọ́tò bàbá òkè kì í ṣe ojúlówó. Mo ṣe àṣìṣe. Òun ni Ilẹ̀kùn Irin. Mo rí i pé ọwọ́ ń gbọ̀n, mo pè é ní ẹ̀rù olè. Àìsàn ni."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Aránṣọ gba fọ́tò, ó kà á, ó tún un kà.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ sí bàbá yẹn? Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí!"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, mo tún ṣi ìyẹn náà mọ̀."

Aránṣọ wo òkè àjà. "Ó wà nílé?"

"Ó ń gun òkè lọ."

"Oníbàárà mi ń bọ̀ wá gba aṣọ…"

"Máa lọ. Mo máa bá ẹ dúró."

Ó sáré jáde tòun ti téèpù lọ́rùn. Mọ́mì gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ "Bàbá! Bàbá, ẹ dúró!" Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ha bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí i kẹ́yìn.

Obìnrin kan yọrí wọlé. "Mà, ẹ̀yin ni aránṣọ tuntun?"

"Rárá o. Ó lọ kí èèyàn lókè ni."

"Ṣé yóò pẹ́?"

"Mo rò pé yóò pẹ́."

Obìnrin náà ní òun á padà wá lọ́la, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lókè, ohùn méjì ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fẹ́lẹ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ láti ìsàlẹ̀. Mọ́mì fa àga aránṣọ sún mọ́ ògiri àtẹ̀gùn, ó jókòó, ó sì ń tẹ́tí.