Ogójì Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n

Ogójì ọ̀rọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n fi ohùn rẹ̀ gbà sílẹ̀ sínú fóònù kí àwọn dókítà tó yọ gògóńgò rẹ̀. Ìyá wọn ò ríran mọ́, ohùn ni wọ́n fi ń dá ọmọ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí Àbúrò, tó ń fi kóòdù kíkọ jẹun, fi ní òun máa kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, kí Màmá kàn máa tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n sì máa gbọ́ "ẹ káàárọ̀" ọmọ wọn.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà máa ṣe: kó fún àwọn fáìlì pọ̀ kí wọ́n má wúwo, kó dà wọ́n kọ sí fódà tuntun, kó wá gbá inú fódà àtijọ́ mọ́ tónítóní. Tẹ́lẹ̀, Àbúrò ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tí ọ̀nà àbùjá ń wù ni. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó kọ kóòdù JavaScript bíńtín tí yóò máa bẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, ó gbé báàgì, ó forí lé ọsibítù.

Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọ̀kan parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá fi kún un. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe gbéra lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, èyí tó ń gbálẹ̀ ló sì yára jù, ó ti gbá àwọn fáìlì dànù kí èyí tó ń dà wọ́n kọ tó débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti pa tinú fóònù rẹ́, torí Àbúrò ló fọwọ́ sọ̀yà fún un pé kò séwu.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ohùn sì lọ. Nígbà tí Àbúrò délé tó ṣí fódà, fáìlì kan ló bá, èyí tó kéré jù, tó ráyè kọjá. Ó gbìyànjú títí, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pàbó ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Ta ni kó bínú sí? Ohun tó ní kí kọ̀ǹpútà ṣe náà ló ṣe.

Màmá gbọ́ ẹkún, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri wá bá a. Ó jẹ́wọ́ fún wọn, kò fi bò. Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn gbọ́ èyí tó kù.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, kí ohùn Ẹ̀gbọ́n tó tẹ̀ lé e: "Ṣé ó ti ń gbà á sílẹ̀? Ṣé kí n máa sọ̀rọ̀?" Ó parí síbẹ̀.

Màmá sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà.

"Máa sọ ọ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mò ń gbọ́."