Ẹni Tó Di Etí Aṣọ Kejì Mú

Ní ilé-ìfọṣọ tí Sisí Áyọ́ọ̀nù ti ń ṣiṣẹ́, ẹnìkan kì í dá aṣọ bẹ́ẹ̀dì ká. Aṣọ òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀, ó fẹ̀ bí àgbàlá, ẹni tó bá ní òun á dá a ká, ilẹ̀ ni yóò fi gbá. Méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe é: ìwọ di etí kan mú, ẹnìkejì di etí kejì mú, ẹ fà á, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ rìn pàdé ara yín, ọwọ́ kan ọwọ́. Ọ̀gá kì í yan ẹnìkejì fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wù ọ́ lo máa pè.

Agùntáṣọọ́lò ni Sisí máa ń pè. Gíga ọkùnrin náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Sisí ní tirẹ̀ kúrú, tí wọ́n bá sì gbé aṣọ sókè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa wọ́lẹ̀. Agùntáṣọọ́lò á wá tẹ̀ba kí aṣọ lè dọ́gba. Ó tẹ̀ba bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, kò ráhùn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, tó ti sọ fún ara rẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí ló fẹ́ ṣe sí ọkùnrin tó ń tẹ̀ba nítorí rẹ̀ lójoojúmọ́? Ìfẹ́ wọlé.

Wọ́n sùn papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún Sisí nísàlẹ̀. Ọṣẹ tuntun tó fi ń wẹ̀ ló ń yún un, ṣùgbọ́n ta ló máa ro ti ọṣẹ nígbà tí àyà ń já? Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́bàá títì. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nígbà tó sì padà lọ gba èsì, ẹni tó fún un ní ìwé kò gbójú sókè, ó ti ń pe ẹni tó kàn. Orí ìdúró ni Sisí ti kà á. Wọ́n kọ ọ́ pé hẹ́pìsì, àrùn tó gbọ́ pé inú ìbálòpọ̀ ni wọ́n ti ń kó o, wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Kàkà kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ó dá a rò fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ ti kú, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sún mọ́ òun. Ọkùnrin náà dé, àrùn dé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí ti tú ilé ká ju èyí tí iná jó lọ.

Kò bá Agùntáṣọọ́lò sọ nǹkan kan. Ìyá Ọṣẹ ló lọ sọ fún, obìnrin àgbà tó ń da ọṣẹ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kó mọ sáàárín wa o.”

“Èmi? Ṣé èmi náà lo tún máa kìlọ̀ fún ni?”

Wọn kò tíì jẹun ọ̀sán tí gbogbo ilé fi gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Agùntáṣọọ́lò mú aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó pe ẹnìkejì. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Òmíràn ní ọwọ́ òun dí. Ó wo Sisí, Sisí kọ ẹ̀yìn sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá a ká, bó sì ṣe ga tó, aṣọ gbálẹ̀, wọ́n ní láti tún un fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún ọjọ́ mélòó kan, tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Níkẹyìn ẹnìkan sọ ọ́ sí i lójú pé ẹni tó ní irú àrùn yẹn kò yẹ kó máa fọwọ́ kan aṣọ tí ènìyàn máa sùn lé.

“Sisí, ṣé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ìwọ lo mọ ohun tó o gbé wá bá mi.”

Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi í kọ́, ó jáde. Kò padà wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá kí Sisí tó lọ sí ilé ìwòsàn láti tọrọ oògùn tí yóò fọ àrùn náà kúrò lára òun. Nọ́ọ̀sì àgbà kan gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bi í nípa ìgbà tó bá ọkùnrin náà sùn.

“Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà ni, mà.”

Nọ́ọ̀sì bọ́ awò ojú rẹ̀. “Kì í ṣe òun nígbà náà, ọmọ mi. Kòkòrò àrùn fúnra rẹ̀ kọ́ ni àyẹ̀wò yìí ń wá. Àwọn ọmọ ogun tí ara rẹ kó jọ láti bá a jà ni wọ́n rí. Ara kì í kó wọn jọ lọ́sẹ̀ kan. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tẹlòmíì á tó oṣù mẹ́ta kó tó hàn. Ohun tó wà níbí ti wà lára rẹ kí ọkùnrin yẹn tó fọwọ́ kàn ọ́.”

“Níbo ni mo wá ti kó o, mà?”

“Oríṣi méjì ni hẹ́pìsì. Ìkínní nìyí, èyí tó máa ń sú sí ètè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kó o ní kékeré, lẹ́nu ìyá, lẹ́nu àǹtí. Ìwé yìí ò lè sọ ẹni tó kó o ràn ọ́, kò tiẹ̀ lè sọ ibi tó wà lára rẹ. Ẹlòmíì á ní i títí á fi kú, kò ní rí ìléròrò kan.”

Sisí rántí ìyá rẹ̀, tí ètè rẹ̀ máa ń lé ròrò nígbàkigbà tí ibà bá mú un, tí yóò sì tún fi ẹnu ko àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó sùn.

“Ṣé ó ń ran ènìyàn, mà?”

“Ó ń ràn. Kí ara kan ara ni: ẹnu sí ẹnu, ẹnu sí ojú ara, pàápàá tí ìléròrò bá wà, nígbà míì tí kò tiẹ̀ sí. Kọ́ńdọ̀mù ń dín in kù, oògùn náà ń dín in kù. Kò sí èyí tó ń lé e lọ pátápátá.”

“Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?”

“Aṣọ tẹ́ ẹ fọ̀ tẹ́ ẹ tún lọ̀? Rárá o. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

Sisí gba ìwé rẹ̀ padà, ó dìde.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó dúró láàárín gbogbo wọn, ó sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ó ní òun lòun ba ọkùnrin ẹlẹ́ran-ara bíi tiwọn lórúkọ jẹ́ lásán. Ìyá Ọṣẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Àwa ò kúkú lé e. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.”

Ìtìjú yẹn kò tó Sisí. Ó bọ́ sọ́nà, ó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n Agùntáṣọọ́lò obìnrin, níbi tó gbọ́ pé ó wà. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló ti bá a, ó ń lọ aṣọ fún àwọn ará ilé. Ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò nìkan ló wà níwájú rẹ̀, aṣọ tí ẹnìkan lè dá ká. Sisí kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó rò ó látìbẹ̀rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

“Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í hàn nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ kan,” ló wí. “Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín, èmi náà lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn. Ìkínní yẹn náà ló wà lára tèmi, wọ́n ní bóyá láti kékeré. Wọ́n ní tẹ́ni méjì bá ti ní oríṣi kan náà, kò sídìí tí wọ́n á fi máa bẹ̀rù ara wọn lórí ẹ̀.”

Ojú Sisí là. “Kò wá sí nǹkan kan láàárín wa nìyẹn.”

“Kò sí àrùn láàárín wa.” Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. “Ká ní o bi mí ni, Sisí. Ká ní o pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o ní, wo ohun tí wọ́n kọ síbí. À bá jọ lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn. Ìyá Ọṣẹ lo lọ sọ fún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ò bà mí lẹ́rù. Ẹnu rẹ ló ń bà mí lẹ́rù.”

“Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé mo ṣì í. Wọ́n á gbà ẹ́ padà.”

“O ṣeun. Mo ti dárí jì ẹ́, mi ò fi ṣeré. Àmọ́ mi ò lè sùn ti ẹni tí mo gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Dìde, símẹ́ńtì yẹn tutù.”

Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde, ó tún tẹ̀ba kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o. Lẹ́yìn náà ó mú ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó wọ́n omi sí i. Sisí dúró díẹ̀, bóyá yóò tún sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ti gbé áyọ́ọ̀nù padà sórí aṣọ. Sisí sunkún títí dé ilé, kò sì sí ẹni tó wà nílé láti bi í pé kí ló dé.