Okùn Láàárín Ìjókòó Méjì

Kí ààwẹ̀ tó wọlé ni ẹ̀gbẹ́ kan íápíìsì wọn ti dákẹ́, Tòyíbàt kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ti Sànúsí, ọkọ rẹ̀, ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Bí oòrùn bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn ní Aboabo, ní Kumasi ní Gánà, Tòyíbàt á fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ìdí máṣíìnì ọkọ rẹ̀, á ki ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ bọ etí, á sì máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́.

Ohun tí wọ́n ń gbọ́ kì í ṣe orin. Tèslìmù, àbúrò Sànúsí tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ máa tọ́jú ilé bàbá wọn, ló máa ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù tí á fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀rọ̀ Tèslìmù máa ń gùn. Á sọ ti ẹni tó gbéyàwó àti ti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kẹ́rù, á sọ ti ògiri tó wó, á sọ ti ẹ̀gbọ́n wọn àgbà tó fẹ́ sọ yàrá ìyá wọn di ilé adìyẹ. Kumasi ni wọ́n bí Sànúsí àti Tòyíbàt sí. Ìgbà tí wọ́n lọ sìnkú nìkan ni wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó wà nínú agbo ilé náà tí wọn kò mọ̀, láti ẹnu Tèslìmù. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé sáfẹ́fẹ́ níwájú oníbàárà. Adwoa tó ń ta waakye, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọ Àṣáńtì pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn débi pé ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí Sànúsí fi ra íápíìsì olókùn.

Okùn náà kò gùn. Sànúsí á máa rán jàlàbíà lọ, Tòyíbàt á máa dá bọ́tìnnì sí èyí tí wọ́n rán lánàá, okùn á sì fì láàárín àwọn méjèèjì. Bí ọ̀kan bá fẹ́ dìde, èkejì á mọ̀. Kí íápíìsì tó dé, Sànúsí lè jókòó sídìí máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́ kó má sọ ju "gbé àlùmọ́gàjí wá" lọ. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Bí Ọlọ́run ṣe dá a ni. Ṣùgbọ́n bí Tèslìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Sànúsí á dá fóònù lóhùn bíi pé àbúrò rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀: "Mo wà ńbẹ̀, máa wí." Lẹ́yìn náà ni á rẹ́rìn-ín, á sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"O gbọ́ yẹn?"

"Mo gbọ́," ni Tòyíbàt á wí.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí Sànúsí tilẹ̀ ti ń tún ọ̀rọ̀ Tèslìmù sọ jẹ́jẹ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Tòyíbàt rò pé àgbà ló ń dé sí i. Ó dúpẹ́, nítorí ibẹ̀ ló ti ń mọ ohun tó ń lọ nílé. Ó dá a lójú pé bí òun bá lè jẹ́wọ́ pé ẹ̀gbẹ́ tòun ti kú, wọn á ra irú èyí tí kò lókùn tí gbogbo ayé ń lò báyìí, kálukú á sì gbé ìjókòó rẹ̀ lọ síbi tó wù ú.

Ó kù díẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Yétún, ọmọ wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Accra, wá kí wọn, ó sì mú páálí funfun kékeré kan wá. Íápíìsì méjì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹ̀pà nínú èèpo.

"Màmá, ẹ wò ó. Kò sí okùn. Baba lè mú ọ̀kan lọ síta, kí ẹ̀yin mú ọ̀kan lọ sídìí iná. Kò sóhun tó máa dè yín mọ́lẹ̀ mọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n dè mí mọ́lẹ̀?"

"Ẹ wo èyí tí ẹ ń lò. Òwú ìránṣọ lẹ fi dì í lọ́rùn. Ó ti gbó paa."

Adwoa na ọrùn láti ìdí ìkòkò rẹ̀. "Yétún, bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, gbé e fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Àǹtí Adwoa? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa láìlo íápíìsì."

"Láti ọjọ́ tí bàbá ẹ ti ra okùn yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́," ni Adwoa wí. "Títí di òní, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn já sí."

Yétún ní kí wọ́n fi tuntun náà ṣe òní wò. Ọ̀la lòun ń padà. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, òun á dá a padà fún ẹni tó tà á. Sànúsí ki ọ̀kan bọ etí, Tòyíbàt ki èkejì. Fóònù wà lórí ẹsẹ̀ Tòyíbàt. Ó tẹ ọ̀kan nínú ohùn Tèslìmù tí wọn kò tíì gbọ́, ọ̀rọ̀ sì wọlé sí i létí kedere bí omi. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn náà gbẹ̀yìn, inú rẹ̀ dùn, kò sì lè parọ́ fún ara rẹ̀. Nígbà tí Tèslìmù ní adìyẹ ti yé sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ láti wo ojú ọkọ rẹ̀.

Ìdí máṣíìnì ṣófo. Sànúsí ti wà níta lọ́hùn-ún, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Tòyíbàt padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrì, Sànúsí gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sí mọ́sálásí tó fara kan ògiri wọn. Àlùwàlá tó ṣe fún ìrun ọ̀sán ṣì wà lára rẹ̀, ohun tó sì máa ń fi yangàn nìyẹn. Bó bá ṣe òmíràn, ìka rẹ̀ ì bá kan etí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ti olókùn ni, okùn ì bá ti fà á padà lẹ́nu ọ̀nà. Tòyíbàt rò pé ó ti yọ íápíìsì létí. Ohùn mìíràn wọlé láti ọ̀dọ̀ Tèslìmù, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìrun tí Sànúsí fi dé, ojú rẹ̀ le. Ìkrímà tó ń tún fóònù ṣe lódìkejì títì ń tẹ̀ lé e, ó ń fi ẹ̀rín di ikùn mú.

"Màmá, ẹ bá mi bi Baba, ta ló ń pè wọ́n nínú rúkúù?"

"Ìkrímà, sinmi," ni Sànúsí wí.

"Gbogbo ilé dákẹ́, a tẹ̀ ba. Mo kàn gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, 'Mo wà ńbẹ̀, máa wí.' Mo rò pé màláíkà ló ń bá wọn sọ̀rọ̀."

"Màláíkà Ògbómọ̀ṣọ́ ni," Adwoa wí láti ìdí ìkòkò.

Yétún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìrun náà ti bàjẹ́ mọ́ Sànúsí lọ́wọ́, ẹ̀yìn tí gbogbo èèyàn jáde ló tó dá nìkan kí òmíràn. Ó yọ íápíìsì náà létí, ó dá a padà sínú páálí rẹ̀, ó sì jókòó.

"Baba, ẹ kàn gbàgbé láti yọ ọ́ ni," Yétún wí. "Ẹ máa mọ̀ ọ́n lò. Ṣé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì èyí tó ti gbó yẹn tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀?"

Tòyíbàt la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbẹ́ ti ìyá ẹ ti kú kí ààwẹ̀ tó wọlé," Sànúsí wí.

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Tòyíbàt. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ náà ni. Tẹ́lẹ̀, o máa ń rẹ́rìn-ín kí n tó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí Tèslìmù sọ pé ẹ̀gbọ́n wa jábọ́ látorí òrùlé ilé adìyẹ, o ní o gbọ́, ojú ẹ ò sì yí padà."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

"Ìwọ náà ò sọ." Ó ń fi ọwọ́ yí àgbá máṣíìnì láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. "Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, wàá gbé àpótí ẹ lọ sọ́dọ̀ Adwoa. Ni mo bá ń bá ẹ tún un sọ."

Tòyíbàt wo bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ títí, bíi pé kò mọ ibi tó yẹ kó rán an sí.

"Èmi o, mi ò gbọ́ nǹkan kan," Adwoa wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Yétún wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. Ó pa páálí funfun náà dé, ó mú íápíìsì àtijọ́, ó sì nà án sí Ìkrímà. Ìkrímà yẹ̀ ẹ́ wò, ó tẹ okùn náà nítòsí ibi tó ti ń wọ fóònù.

"Ibí ló ti já nínú. Mo lè gé e, kí n jó ẹnu tuntun mọ́ ọn. Àmọ́ á kúrú o."

"Báwo ló ṣe máa kúrú tó?" Tòyíbàt bi í.

Ìkrímà na àtàǹpàkò àti ìka kékeré rẹ̀ sí i: ìwọ̀n tó máa gé kúrò nìyẹn.

"Gé e," ni Sànúsí wí.

Nígbà tí íápíìsì náà fi dé láti ọ̀dọ̀ Ìkrímà, oòrùn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Tòyíbàt fa àpótí rẹ̀ sí ibi tó máa ń wà, okùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tún un fà, títí orúnkún rẹ̀ fi kan ẹsẹ̀ máṣíìnì. Sànúsí sún aṣọ tó ń rán sápá kan kí èjìká ìyàwó rẹ̀ lè ráyè. Ohùn tó ba ìrun jẹ́ ni wọ́n tún tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?"

"A wà ńbẹ̀," Tòyíbàt wí kí ọkọ rẹ̀ tó la ẹnu. "Máa wí."

Tèslìmù kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí Tòyíbàt fi bú sẹ́rìn-ín. Sànúsí dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, ó ń wò ó.

"Kí ló sọ?" Adwoa bèèrè. "Ṣé ti adìyẹ yẹn ni?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.