Òjò Inú Fóònù

Èmi ti ra òjò rí o. Òjò tí kì í ta sí èèyàn lára, inú fóònù ni wọ́n bá mi kó o sí.

Ìgbà tí fóònù Ṣáínà olóhùn gbàǹgbà gba ìgboro ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú Yésúfù, ọkọ mi. Dókítà ní kó máa sùn lọ́sàn-án, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀jẹ̀ yẹn á gbé e ṣubú. Sùn kẹ̀? Ní Ẹ̀gbẹ́dá? Jẹnẹrétọ̀ ń bú lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ ìlọta ń han lápá òsì. Ọkọ mi á dùbúlẹ̀, á la ojú sílẹ̀ kedere, á máa wo àjà bí ẹni ń wá ibi tó ń jò.

Lọ́jọ́ kan ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mọ̀nsúrát, bí mo bá lè gbọ́ bí òjò ṣe ń dún nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, oorun á gbé mi."

Mo gba ibùdókọ̀ Pleasure lọ, ọ̀dọ̀ Simeon tó máa ń bá wa kó wáàsí àti orin sínú mẹ́mórì káàdì.

"Simeon, ọmọ mi, ṣé òjò wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó pọ̀, Màmá. Ti orí páànù ni àbí ti inú igbó?"

Háà! Ó tẹ àkọ́kọ́, ó ń dún ṣìì. Mo ní, "Èyí kì í ṣe òjò, àkàrà ni wọ́n ń dín." Ó tẹ òmíràn, ẹyẹ òyìnbó kan ń súfèé níbẹ̀. Mo ní kó lé ẹyẹ yẹn lọ. Ó wá, ó wá, títí a fi rí ọ̀kan tó mọ́ gaara, tí mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán lórí páànù. Mo jó délé.

Ọkọ mi dùbúlẹ̀, mo tẹ òjò náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ ń pa dé. Bí òjò yẹn ṣe ń le sí i, àfi gìrì!

"Mọ̀nsúrát! Gbodo!"

Ó ti bẹ́ síta nínú oòrùn gangan. Kí n tó débẹ̀, ó ti ká gbogbo aṣọ Àtọ́kẹ́, aládùúgbò wa, lórí okùn.

"Bàbá Táòfíkì!" Àtọ́kẹ́ figbe ta. "Kí lẹ fẹ́ fi yẹ̀rì mi ṣe?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àyà mi já. Ẹlẹ́lùbọ́ ni ìyá rẹ̀. Orí àpáta ni wọ́n ń sá gbodo sí, iṣu tí wọ́n bọ̀ kó lè gbẹ. Bí òjò bá pa á, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ tó gbọ́ òjò tí kò sáré, á jẹ ẹgba. Mo wá lọ ra ohun tí yóò lé ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi sókè!

Mo bi í, "Ìgbà wo gan-an lẹ máa ń sùn nígbà náà?"

Ó ronú. "Lẹ́yìn òjò ni. Bí gbogbo ẹ̀ bá ti wọlé, tí ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá mi ò ní rán mi níṣẹ́ mọ́."

Ọ̀pọ̀lọ́ ọwọ́ Simeon, bí ìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ bá ń ṣàìsàn ló ń dún. Nígbà tí òjò gidi rọ̀ tó sì dá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fa Simeon lọ sí Bàrúwà, níbi tí omi máa ń dúró sí lẹ́yìn ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké kíkankíkan! Simeon na fóònù. "Màmá, ẹ má sọ̀rọ̀ o."

N kò sọ̀rọ̀. Orin ló bọ́ lẹ́nu mi:

Òjò ti dá o, ará ilé,
Gbodo ti wọlé, igbá ti wọlé,
Ọmọ tó sáré, wá nasẹ̀,
Iṣẹ́ ti tán lóde o.

"Màmá! Ẹ ti bà á jẹ́!"

Ẹ̀rù ohùn mi ti ba àwọn ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n dákẹ́ lọ gbári. Èyí tí a rí náà la gbé lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ọ̀pọ̀lọ́ ké, ké, ni ohùn mi bá jáde. Ojú tì mí, mo nawọ́ kí n pa fóònù. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀ jàre."

Ọwọ́ tó fi dì mí mú rọ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́, ó ń hanrun ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Mo jókòó tì í, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin, mo sì ń gbe orin ara mi lábẹ́lẹ̀.